Ṣé akọrin ni Ògúndé àbí òṣèré sinimá? Bí orin ṣe gbé àwọn àgbà wa dé inú fíìmù

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń wo fíìmù àtijọ́. Ẹnì kan á ní olórin ni Hubert Ògúndé, pé àwo rẹ̀ wà nílé bàbá òun. Ẹlòmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀, òṣèré sinimá ni, ṣebí òun ló ṣe babaláwo nínú *Ayé*? Ẹnì kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà, á yọjú láti igun ilé, á ní ọlọ́pàá ni. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí a ṣe ń pín iṣẹ́ lónìí ló fa ìdàrúdàpọ̀ náà. Olórin ni olórin, òṣèré ni òṣèré. Bí ẹni tí a mọ̀ mọ́ orin bá yọjú nínú fíìmù, a ó ní ó ti pa iṣẹ́ dà. Ṣùgbọ́n láyé àwọn tó dá eré Yorùbá orí ìtàgé sílẹ̀, iṣẹ́ méjì kọ́ ni. Orin ni wọ́n fi ń ṣeré. Sinimá ló dé, tó la igi náà sí méjì. Bó ṣe là á, àti ohun tó kù síhà kọ̀ọ̀kan, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

## Kí là ń pè ní orin ìbílẹ̀ gan-an?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú.

Orin ìbílẹ̀ ni orin tí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó dà bí òwe. Ẹni tó fẹ́ pa òwe kì í dárúkọ ẹni tó ṣe é. Á kàn ní àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Orin inú àlọ́ ìjàpá, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, orin tí wọ́n fi ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Láti ẹnu dé ẹnu ló ń lọ, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ń fi tirẹ̀ kún un.

Apohùn yàtọ̀ díẹ̀ sí akọrin. Òun ló ń sun ìjálá, òun ló ń sun rárà, òun ló ń pe ẹ̀sà. Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá kì í sọ pé ẹnì kan ń *kọ* ìjálá. Sísun ni wọ́n ń sun ún, nítorí pé ohùn rẹ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn bínú, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn sunkún àti bí wọ́n ṣe ń fi ohùn yangàn. Ìdajì iṣẹ́ òṣèré nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni òṣèré fúnra rẹ̀: ẹni tó ń ṣe eré. Kí wá ni eré? Ẹ bi onífújì tàbí onílù níbi tó ń lọ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, á ní òde eré ni òun ń lọ. Orúkọ kan náà ni èdè wa fún ohun tí Ògúndé ń ṣe lórí ìtàgé. Èdè fúnra rẹ̀ kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa la wá ń wá ìyàtọ̀.

## Ta ló ti ń fi orin ṣeré kí sinimá tó dé?

Àwọn eégún aláré ni. Alárìnjó ni wọ́n tún ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń jó láti ìlú dé ìlú. Abẹ́ ẹ̀kú ni wọ́n ti ń pe ẹ̀sà, ìlù á máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì máa pidán. Ẹni tó jẹ́ ọ̀nì nísinsìnyí lè di ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí wọ́n ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ níwájú Aláàfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ejò ńlá kan tó yọ jáde láti inú àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òyìnbó jáde. Òṣèré náà funfun báláú, ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un, ó ń ṣe bí ẹni ń fín áṣáà, ó sì ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn ará ìlú ń wo ojú Clapperton bóyá inú rẹ̀ á dùn. Ó gbà nínú ìwé rẹ̀ pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́jọ́ náà bóyá akọrin ni wọ́n tàbí òṣèré.

## Báwo ni ọlọ́pàá ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Wọ́n bí Ògúndé ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1916 ní Ọ̀sọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Odò méjì ló pàdé lára rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀ lé àwọn eégún aláré; ilé onígbàgbọ́ ló sì ti dàgbà, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣe tíṣà. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè olóhùn sì ni Yorùbá. Ẹ pe *igbá*, ẹ pe *ìgbà*, ẹ pe *igba*: ọ̀kan jẹ́ ohun èlò, ọ̀kan jẹ́ àsìkò, ọ̀kan jẹ́ iye owó ẹyọ tàbí iye iṣu. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń kọrin nípa ìgbà lè máa pe igbá láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìjọ fi kọ irú orin bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ń lọ sí ọ̀tún, tí ohùn ń lọ sí òsì.

Nígbà tó yá, àwọn ìjọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ìlù sí i. "Native Air" ni wọ́n ń pè é. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ìtàn inú Bíbélì, wọ́n á fi orin sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ akọrin á sì máa fi ara ṣàpèjúwe. A ti padà sídìí eégún aláré nìyẹn, àfi pé ẹ̀wù akọrin ló rọ́pò ẹ̀kú.

Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, Church of the Lord, ń wá owó tí wọ́n máa fi kọ́lé. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá tó mọ orin kọ yìí bá wọn ṣe eré. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ní Glover Memorial Hall ní Èkó, Ògúndé gbé *The Garden of Eden and the Throne of God* jáde. Orin ló fi sọ ìtàn náà. Eré náà dùn mọ́ àwọn ará Èkó, kò sì pẹ́ tí Ògúndé fi kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Kí ó tó tó àkókò rẹ̀, ìjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún. Òun ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tí èèyàn ń fi jẹun.

Ẹ wá gbọ́ orúkọ tó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1945: African Music Research Party. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí orin ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí eré lórúkọ náà rárá. Ó di 1947 kó tó yí i padà sí Ogunde Theatre Party. Ẹni tó bá ní olórin ni bàbá náà, ẹ má bá a jà. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹni yẹn.

## Kí ni "opening glee" tí àwọn àgbà ń sọ?

Bí ẹ bá bá ẹni tó wo Ògúndé lójúkojú sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ní pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Orin àti ijó tí wọ́n fi ń ṣíde eré ni. Kì í sábà kan ìtàn eré náà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ á jáde nínú aṣọ kan náà, wọ́n á jó. Ọ̀gá á jáde, á kí ìlú, á sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ayé. Bí ìtàn bá parí, wọ́n á tún fi orin mìíràn pa á dé, òun ni "closing glee".

Ọmọ òde òní tó bá rí i lè ní wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Rárá o. Ẹ wo ìgbà tí ẹ bá lọ sílé àna: ẹ ò kàn ní fò mọ́ ọ̀rọ̀ owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìkíni ló ń ṣáájú. Àwọn eégún aláré pẹ̀lú kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìjúbà. Ìjúbà náà ló wọ kóòtù òyìnbó tó di opening glee.

Lẹ́yìn èyí, orin ní iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe. Ó ń dúró de àwọn tó pẹ́ dé. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn rí àyè mí. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́ ohun tó ń lọ, nítorí ohùn orin máa ń rìn jìnnà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ nínú gbọ̀ngàn tí kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nínú eré gan-an, ìyàwó tí kò lè la ẹnu bú ọkọ rẹ̀ lè kọ ọ́ lórin, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ẹ fi iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́kàn, a máa padà sí wọn nígbà tí kámẹ́rà bá dé.

Orin náà kò sì dúró sójú kan. Ní 1947 Ògúndé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó padà dé, ijó òyìnbó àti fèrè òyìnbó wọ inú eré rẹ̀. Fún ìgbà kan, saxophone ló ń dún níbi tí dùndún ti ń dún. Èmi ò bá wọn kà á sí àṣìṣe bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Oníṣòwò ni, ohun tí ọjà ń béèrè ló gbé wá. Nígbà tí ojú ọjà yí padà, òun náà padà sídìí ìlù ìbílẹ̀.

## Kí ló dé tí ìjọba fi ń bá olórin jà?

Nítorí pé orin ṣòroó gbà padà. Ìwé tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e nìyẹn. Orin tí ọmọ ti mọ̀, ta ló fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀?

Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945, Ògúndé ṣe *Strike and Hunger*. Àwọn aláṣẹ dá eré náà dúró ní Jos. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ìwakùsà 21 ní Iva Valley, ní Enugu. Ògúndé fi ìyẹn ṣe *Bread and Bullet* ní 1950, ọ̀rọ̀ di ti ìjọba lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù ni *Yorùbá Ronú* ti 1964. Àwọn tó ń ṣèjọba Western Region nígbà náà gbà pé àwọn ló ń bá wí, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ó di 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, kí gómìnà Adékúnlé Fájuyì tó tú òfin náà ká. Àwo orin inú eré náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti wọlé sínú ilé.

## Báwo ni akọrin ṣe dé iwájú kámẹ́rà?

Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Western Region, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun dà bí ìkòkò òfìfo lórí iná: nǹkan gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ẹgbẹ́ eré sì ní eré tó ti délẹ̀, tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kà káàkiri ìlú.

Ọ̀kan lára wọn ni Dúró Ládiípọ̀. Òun náà, ilé orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jáde. Ní Òṣogbo, ó gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints', àwọn kan nínú ìjọ kò sì gbà. Ó gbé orin rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní 1963 ó ṣe *Ọba Kòso*, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó. Ìjálá, oríkì àti Ṣàngó pípè ló kún inú rẹ̀. Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì, níwájú àwọn tí kò gbọ́ *ẹ káàárọ̀*, wọ́n sì jókòó tì í dé òpin.

Nígbà tí Ọlá Balógun, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, fẹ́ ṣe fíìmù lédè Yorùbá, kò wá òṣèré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ eré ló lọ. *Àjàní Ògún* jáde ní 1976, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀ wà nínú rẹ̀, orin àti ijó sì kún un fọ́fọ́. Ládiípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1978. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ògúndé gbé fíìmù tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, *Ayé*, Ọlá Balógun náà ló bá a darí rẹ̀. Ògúndé ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọrin lórí ìtàgé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ ibi tí wọ́n ti ń wo lẹ́ǹsì. *Jáyésinmi* tẹ̀ lé e ní 1980, *Àròpin Ń Tènìyàn* ní 1982, *Àyànmọ́* ní 1988.

## Kí ni kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ orin?

Ibí yìí ló ta kókó jù.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mo ní orin ń ṣe lórí ìtàgé. Ẹ wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wá síwájú kámẹ́rà. Dídúró de ẹni tó pẹ́? Fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Rírà àkókò fún ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ? Wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, ẹni náà á lọ wọṣọ, á padà wá lọ́la pàápàá, òǹwòran kò ní mọ̀. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́? Kámẹ́rà ti gbé ojú òṣèré sún mọ́ ọn débi pé ó ń rí omijé kó tó bọ́. Ìyàwó tó ń kọrin ìbànújẹ́ lórí ìtàgé lè kàn wo ilẹ̀ nínú fíìmù, kí gbogbo ilé sì sunkún.

Iṣẹ́ tí kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ orin nìyẹn. Fún akọrin tó di òṣèré sinimá, ìyẹn túmọ̀ sí pé ohun èlò tó mọ̀ ọ́n lò jù ti di ohun tí wọ́n ní kó rọra lò. Ẹ̀kọ́ tó le ni. Ẹni tó ti mọ́ lára láti ju ohùn rẹ̀ lu ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé alábàárìn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bí ẹ bá wo àwọn fíìmù ìgbà náà dáadáa, ẹ máa rí àwọn tí kò tíì fi í sílẹ̀: ènìyàn méjì jókòó sórí àga kan náà, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí odò wà láàárín wọn.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kámẹ́rà kò rí gbà. Ọfọ̀ ni. Nínú *Ayé*, Ògúndé ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó dìde sí àwọn àjẹ́. Ìjà wọn kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ohùn ni wọ́n fi ń jà á. Bí ẹni tó ń pe ọfọ̀ kò bá mọ ibi tó yẹ kó ti mí, tó bá yára níbi tó yẹ kó wúwo, agbára ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, òǹwòran Yorùbá á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ kódà bí kò bá lè sọ ohun tó kù. Ọmọ tó tẹ̀ lé eégún aláré lọ́jọ́ kìíní ni mo ń gbọ́ nínú ohùn babaláwo yẹn. Iná àti èéfín tí wọ́n fi kún un dára, mi ò kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ pa ojú dé kẹ́ ẹ tún fetí sí i.

## Ṣé lóòótọ́ ni pé Baba Sàlá náà jẹ́ olórin?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Kí Moses Ọláìyá tó di Baba Sàlá onígò ojú ńlá, táì ọrùn tó fẹ̀ bí apá ẹyẹ, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin highlife ni. Federal Rhythm Dandies ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ọ̀kan lára àwọn tó ta gìtá níbẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a wá mọ̀ sí King Sunny Adé. Ẹ ò rí i pé ilé kan náà ni ẹ̀fẹ̀ àti jùjú ti pínyà?

Tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ògúndé. Ògúndé gbé orin wọ inú eré. Ọláìyá gbé orin sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e dé ilé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti darí ẹgbẹ́ olórin mọ ìgbà tó yẹ kí ìlù dáké. Ẹ wo bó ṣe máa ń dúró díẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Onílù nìkan ló ń dúró báyẹn.

## Kí ló dé tí owó fi parẹ́?

Fíìmù ìgbà náà, orí sẹ́lúlọ́ìdì ni, ìyẹn rọ́bà gígùn tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá sára aṣọ funfun. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òkè òkun sì ni wọ́n fi ń san án. Bí ó bá padà dé, olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ẹ̀rọ, bí alárìnjó gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó ti ní ẹgbẹ́ eré ló lè ṣe é: wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n mọ gbọ̀ngàn, wọ́n mọ ẹni tó ń kó owó jẹ lẹ́nu ọ̀nà.

*Ọ̀run Móoru* tí Baba Sàlá ṣe ní 1982 bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè aṣàdàkọ, wọ́n ń tà á lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kó tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Gbèsè ńlá ló bá a níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1986 tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, sẹ́lúlọ́ìdì ti di ohun tí apá kò ká mọ́. Fídíò rọ́pò rẹ̀ bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ.

Níbẹ̀ ni orin tún ti gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ gbọ́ orin tí wọ́n ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Yorùbá orí fídíò: á sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ kan máa dalẹ̀, á sọ pé ìyá ọkọ kò dáa, nígbà míì á sọ ẹni tó máa kú. Àwọn ọmọ máa ń bínú pé ó ti ba ìtàn jẹ́. Èmi ò bínú. Opening glee ni, ó kàn pa aṣọ dà ni.

## Ta ló wá ni orin tí kò ní olóhun?

Ìbéèrè yìí máa ń dìde bí akọrin ìbílẹ̀ bá gbé orin àtijọ́ wọ inú fíìmù. Ìdáhùn rẹ̀ pín sí méjì. Orin fúnra rẹ̀ dà bí kànga agbo ilé. Ẹnikẹ́ni ò lè ní òun nìkan ló ni ín. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ ti pọn sínú garawa yín, tiyín ni: bí ẹ bá gba ohùn yín sílẹ̀, tí ẹ to ìlù rẹ̀ lọ́nà tiyín, ẹ ní ẹ̀tọ́ lórí ìyẹn. Òfin Nàìjíríà tún fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ fi ohun ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòwò kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Nigerian Copyright Commission. Mélòó ló ń gbà á nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù? Ẹ má bi mí.

## Ṣé irú wọn ṣì wà?

Jimi Ṣólàńkẹ́, tó kú ní oṣù kejì ọdún 2024 lẹ́ni ọdún 81, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Orisun Theatre ti Wọlé Ṣóyínká, ó kọrin, ó ṣeré, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ìgbà mi mọ̀ ọ́n sí ni àlọ́ orí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó jẹ́ kí ti Ṣólàńkẹ́ yàtọ̀ ni pé kò jẹ́ kí kámẹ́rà gba orin lọ́wọ́ òun. Nínú àlọ́, orin ni ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọlé: apàlọ́ á dá a, àwọn ọmọ á gbè é. Ó wo inú lẹ́ǹsì bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jókòó sórí ẹní, ó dá orin, ó sì dúró díẹ̀. Àwa tó wà nínú pálọ̀ gbè é. Kò gbọ́ wa, ṣùgbọ́n ó dúró.

Ti Ògúndé parí sí ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n wá ṣe *Mister Johnson* ní Nàìjíríà, Bruce Beresford, ọmọ Australia, ló darí rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ògúndé ṣe Brimah, bàbá ìyàwó. Fíìmù ẹlòmíràn ni. Kì í ṣe òun ló ni ìtàn náà, kì í ṣe òun ni ọ̀gá, kò sì sí ẹgbẹ́ obìnrin tó máa kọ́kọ́ jáde jó kó tó yọjú. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990, kí fíìmù náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran. Àwọn tó wò ó ní òkè òkun rí àgbàlagbà kan tó ṣe bàbá ìyàwó. Òṣèré ni wọ́n rí, wọn ò mọ̀ pé ó ń kọrin.